Ohun Mìíràn Yàtọ̀ sí Eré Síkì: Ìtàn Ìlú Davos Lórí Òkè Swítsàlandì

Ìfáárà

Lọ́dọọdún, nígbà tí oṣù Ṣẹẹrẹ bá ti dé ìdajì, orúkọ ìlú kan máa ń gba ẹnu àwọn oníròyìn wa: Davos. A ó gbọ́ pé ààrẹ báyìí ti gbéra lọ síbẹ̀, pé mínísítà kan ń bá àwọn olókòwò ṣèpàdé níbẹ̀, pé àwọn olówó ayé ń jíròrò lórí ọrọ̀ ajé. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá ti kọjá, ariwo á rọlẹ̀, a kì í sì í gbọ́ orúkọ ìlú náà mọ́ títí ọdún á fi yí po. Ẹni tó bá mọ nǹkan mìíràn lé e yóò ní ibẹ̀ ni àwọn òyìnbó ti ń ṣe eré síkì, ìyẹn eré tí wọ́n fi ń so pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn méjì mọ́ ẹsẹ̀, tí wọ́n á sì máa yọ̀ gẹ̀rẹ́ láti orí òkè wá sísàlẹ̀ lórí òjò dídì.

Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé bí a bá gbé eré síkì àti ìpàdé àwọn olówó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ohun tó ṣẹ́ kù ní Davos gan-an ni ó sọ ibẹ̀ di ìlú. Àwọn aláìsàn ló ṣáájú síkì débẹ̀, àwọn dókítà tẹ̀ lé wọn, lẹ́yìn náà ni àwọn òǹkọ̀wé, àwọn ayàwòrán, àwọn olùkọ́ yunifásítì àti àwọn tó ń wọn oòrùn. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí à ń kọ́ àwọn olùkọ́. Nígbàkígbà tí a bá ń kọ́ni nípa ìrìn-àjò afẹ́ nínú ẹ̀kọ́ ìmọ̀ àwùjọ, ohun tí ojú kọ́kọ́ rí ni a máa ń tọ́ka sí: òkè, hòtẹ́ẹ̀lì, ọkọ̀ tó ń rìn lórí wáyà. A kì í sábà béèrè ohun tí àwọn èèyàn ń rí ṣe níbẹ̀ kí hòtẹ́ẹ̀lì tó dé, tàbí ohun tí wọn yóò máa ṣe bí òjò dídì bá kọ̀ tí kò rọ̀.

Ìlú náà àti àwọn tó tẹ̀ ẹ́ dó

Ìpínlẹ̀ Graubünden, ní apá ìlà-oòrùn Swítsàlandì, ni Davos wà. Àfonífojì gígùn kan ni, òkè sì yí i ká lọ́tùn-ún lósì. Ó fi nǹkan bí 1,560 mítà ga ju ojú òkun lọ, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti Òkè Obudu nílẹ̀ wa dọ́gba. Iye àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò ju nǹkan bí 11,000 lọ. Ní ọ̀rúndún kẹtàlá ni àwọn kan tí wọ́n ń pè ní Walser ṣí wá láti apá ìwọ̀-oòrùn, tí wọ́n ń sin màlúù, tí wọ́n sì ń ṣe wàràkàṣì. Èdè Jámánì ni wọ́n gbé wá, ṣùgbọ́n èdè mẹ́ta ni ìjọba ìpínlẹ̀ náà ń lò: Jámánì, Ítálì àti Romansh, èyí tí àwọn tó ń sọ ọ́ kò pọ̀ rárá. Tavau ni àwọn elédè Romansh ń pe Davos. Ní 1938, àwọn ará Swítsàlandì dìbò pé kí Romansh di ọ̀kan lára àwọn èdè orílẹ̀-èdè wọn. Nínú ìwé àpérò elédè púpọ̀ bíi tiwa yìí, kò tọ́ kí a gba ibẹ̀ kọjá láìdárúkọ rẹ̀.

Fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún, bí ìgbà òtútù bá ti dé, inú ilé ni àwọn ará Davos máa ń wà pẹ̀lú ẹran ọ̀sìn wọn. Àlejò kì í wá. Ta ni yóò fẹ́ wá síbi tí òjò dídì ti dí ọ̀nà?

Afẹ́fẹ́ di oògùn

Ẹni tó yí ìtàn náà padà jẹ́ ẹni tó sá àsálà. Alexander Spengler, ọmọ Jámánì láti Mannheim, wà lára àwọn ọ̀dọ́ tó bá wọn dìtẹ̀ sí ìjọba ní Baden ní 1849. Nígbà tí wọ́n ṣẹ́gun àwọn ọlọ̀tẹ̀, ó sá wọ Swítsàlandì, ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Zürich, ó sì dé Davos ní 1853 gẹ́gẹ́ bí dókítà àdúgbò. Níbẹ̀ ló ti ṣàkíyèsí pé àwọn ará ìlú náà kì í sábà ní ikọ́ ife, àrùn tó ń jẹ ẹ̀dọ̀fóró, tó sì ń pa tọmọdé tàgbà ní gbogbo ilẹ̀ Yúróòpù nígbà náà. Ó wá gbà pé ohun kan wà nínú afẹ́fẹ́ òkè yẹn tí àrùn náà kò fẹ́.

Ní oṣù Èrèlé 1865, àwọn aláìsàn méjì kan, Friedrich Unger tó jẹ́ dókítà àti Hugo Richter tó ń ta ìwé, gun orí òkè lọ sí Davos láàárín òtútù. Lójú àwọn tó gbọ́, ọ̀rọ̀ wọn jọ ti ẹni tó ń sá fún ojò tó kó sódò, nítorí ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ létí òkun ni àwọn dókítà máa ń rán irú wọn lọ. Ara àwọn méjèèjì yá. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni Willem Jan Holsboer, ará Họ́láǹdì, gbé ìyàwó rẹ̀ tó ń ṣàìsàn wá. Obìnrin náà kú. Holsboer kò padà sílé. Ó dara pọ̀ mọ́ Spengler, wọ́n kọ́ ilé ìtọ́jú ńlá kan ní 1868, òun náà ló sì ṣe agbátẹrù ojú irin rélùwéè tó dé Davos ní 1890. Ojú irin yẹn di ìpìlẹ̀ ilé iṣẹ́ rélùwéè tó ń sin gbogbo ìpínlẹ̀ Graubünden títí dòní. Bí àwọn arìnrìn-àjò bá ń ya fọ́tò afárá àti ihò òkè tí ọkọ̀ yẹn ń gbà kọjá, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn ló mọ̀ pé nítorí àwọn tó ń kọ́ ikọ́ tí wọn kò lè fi ẹsẹ̀ gun òkè ni wọ́n ṣe là á.

Láti ìgbà náà lọ, ilé ìtọ́jú ń hù lórí ilẹ̀ Davos bí olú. Karl Turban ṣí tirẹ̀ ní 1889, níbi tí dókítà ti ń ṣọ́ aláìsàn tọ̀sán-tòru pẹ̀lú òfin tó le. Ìlú Basel kọ́ ọ̀kan síbẹ̀ ní 1896 fún àwọn aláìsàn tirẹ̀ tí kò lówó. Ní 1900 ni Schatzalp ṣílẹ̀kùn lókè téńté, ó fi 300 mítà ga ju ìlú lọ, rélùwéè kékeré kan tí okùn irin ń fà sì ni wọ́n fi ń gùn dé ibẹ̀. Ìlú náà tilẹ̀ yí ìrísí rẹ̀ padà nítorí àìsàn: òrùlé pẹrẹsẹ àti bákónì gbọọrọ tó kọjú sí oòrùn ló gbòde, tí òrùlé onígun tí a ń rí nínú káàdì Kérésìmesì sì ṣọ̀wọ́n.

Kí ni àwọn aláìsàn ń ṣe látàárọ̀ ṣúlẹ̀? Ibí ni kókó ọ̀rọ̀ wa wà. Wọ́n ń sùn gbalaja lórí àga gígùn ní bákónì fún ọ̀pọ̀ wákàtí, wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì irun àgùntàn wé ara wọn bí òkú, òtútù á sì máa fẹ́ sí wọn lójú. Wọ́n ń mu wàrà púpọ̀, wọ́n ń jẹun nígbà púpọ̀, wọ́n ń wọn bí ara wọn ṣe gbóná tó, wọ́n sì ń rin ìwọ̀nba ìrìn tí dókítà bá ní kí wọ́n rìn. Èyí lè gba oṣù mẹ́fà. Ó lè gba ọdún mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọ̀dọ́ tó ti ka ìwé dáadáa, tí ọpọlọ wọn jí pépé, tí ara wọn kò sì gbà fún iṣẹ́. Ìsinmi tí a kò yàn fúnra ẹni ni. Lójú tiwa, inú àsìkò gígùn tó ṣófo yìí ni gbogbo ohun tó kù ti jáde.

Kí a má ṣe ṣe ìtàn yìí lọ́ṣọ̀ọ́ ju bó ti yẹ lọ. Robert Koch fi kòkòrò tó ń fa ikọ́ ife han ayé ní 1882, ṣùgbọ́n ó ju ọgọ́ta ọdún lọ kí oògùn tó ń pa á tó dé ọwọ́ àwọn dókítà. Ìsinmi, oúnjẹ tó dára àti ìmọ́tótó ran àwọn kan lọ́wọ́. Àwọn púpọ̀ mìíràn kú síbẹ̀, jìnnà sí ilé. Ní 1912, Thomas Mann, òǹkọ̀wé ọmọ Jámánì, wá wo ìyàwó rẹ̀ Katia ní ọ̀kan lára àwọn ilé ìtọ́jú náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní àpá wà lára ẹ̀dọ̀fóró tirẹ̀ náà, kí ó dúró. Mann kó ẹrù rẹ̀, ó sá lọ sílé. Láti inú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ló ti kọ ìwé ìtàn àròsọ ńlá tó jáde ní 1924, nípa ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wá kí ìbátan rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tó sì lo ọdún méje. Inú àwọn ará Davos kò dùn sí ìwé náà, torí ó jẹ́ kí ayé mọ̀ pé ikú wà lẹ́yìn bákónì wọn tó ń dán. Lónìí, wọ́n ń fi orúkọ ìwé kan náà pe àlejò wá.

Eré tí ikọ́ bí

John Addington Symonds, òpìtàn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ń lọ sí Íjíbítì nítorí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ nígbà tó yà sí Davos ní 1877. Ara rẹ̀ balẹ̀ níbẹ̀, ó sì kọ́lé. Níbẹ̀ ló ti parí iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìtàn ìgbà ọ̀làjú ní Ítálì. Ọkùnrin tó ń kọ ìtàn àwọn ayàwòrán Ítálì yìí kan náà fẹ́ràn ọkọ̀ pákó kékeré tí àwọn ará ìlú máa ń jókòó lé, tí wọ́n á sì fi yọ̀ gẹ̀rẹ́ lójú ọ̀nà tí òjò dídì bò. Òun ló ṣètò ìdíje ọkọ̀ pákó náà ní oṣù Èrèlé 1883 ní ọ̀nà tó lọ sí Klosters. Àwọn méjì ló jọ gba ipò kìn-ín-ní: akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Ọsirélíà, àti Peter Minsch, ọkùnrin tó ń pín lẹ́tà ní Klosters. A fẹ́ràn apá yìí nínú ìtàn náà. Ọ̀nà tí alápínlẹ́tà yẹn ń gbà lọ síbi iṣẹ́ ni àwọn àlejò sọ di pápá eré, ó sì bá wọn du ẹ̀bùn rẹ̀.

Láàárín 1880 sí 1882, Robert Louis Stevenson, ará Skọ́tílándì, lo ìgbà òtútù méjì ní Davos nítorí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró. Òun àti Lloyd, ọmọ tí ìyàwó rẹ̀ bí sí ilé ọkọ àkọ́kọ́, a máa fi àwọn ọmọ ogun òjé ṣeré ogun, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré kan tẹ àwọn ìwé pélébé. Ní Davos náà ló ti parí Treasure Island, ìwé nípa àwọn olè ojú òkun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kà nígbà tí a wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Àárín òkè, níbi tí kò sí òkun kankan nítòsí, ni ìtàn ojú òkun yẹn ti parí.

Síkì ńkọ́? Ó pẹ́ kó tó dé. Tobias Branger àti Johann, arákùnrin rẹ̀, ọmọ ìlú náà, ló gba pátákó láti Norway tí wọ́n fi ń dánra wò. Arthur Conan Doyle, dókítà tó dá Sherlock Holmes sílẹ̀ nínú ìwé, gbé ìyàwó rẹ̀ Louisa tí ikọ́ ife ń ṣe wá sí Davos ní 1893. Ní oṣù Ẹrẹ́nà 1894, òun àti tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Branger fi síkì gba orí òkè kọjá sí Arosa. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì sọ tẹ́lẹ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yóò máa rọ́ wá nítorí eré yìí. Àsọtẹ́lẹ̀ náà ṣẹ. Àwọn kan sì ti wá ń sọ pé Conan Doyle ló mú síkì wọ Swítsàlandì, tí wọ́n gbàgbé àwọn Branger tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dìde bó bá ṣubú. Irú ìtàn báyìí kò ṣàjèjì sí wa nílẹ̀ yìí, níbi tí odò wa ti ní òyìnbó tó ‘rí’ i. Ọdún 1934 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹ̀rọ tí okùn rẹ̀ ń fa àwọn oníséré síkì gun òkè kalẹ̀ ní Davos. Nígbà yẹn, ó ti di ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin tí àlejò ti ń wá síbẹ̀ ní ìgbà òtútù.

Họ́kì orí yìnyín náà ní ìtàn tirẹ̀. Carl Spengler, ọmọ dókítà àkọ́kọ́ náà, gbé ife ẹ̀yẹ kan kalẹ̀ ní 1923 kí àwọn ọ̀dọ́ orílẹ̀-èdè tó ti bára wọn jagun lè tún jọ ṣeré. Yunifásítì Oxford ló kọ́kọ́ gbà á. Wọ́n ṣì ń gbá a lópin ọdọọdún.

Yunifásítì ọ̀sẹ̀ mẹ́ta

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ lára àwọn aláìsàn Davos. Láti 1878 ni ilé ẹ̀kọ́ kan ti wà níbẹ̀ fún àwọn ọmọ Jámánì tí ara wọn kò le, kí àìsàn má bàa gba ẹ̀kọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Láti inú irú èrò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ gíga kan ní 1928. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni, ní ìgbà tí òtútù ń kásẹ̀ nílẹ̀; àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Jámánì àti Faransé ni wọ́n pè, ọdún mẹ́wàá péré lẹ́yìn tí àwọn orílẹ̀-èdè méjèèjì pa ọmọ ara wọn ní ìpakúpa. Wọ́n ń fi èdè méjèèjì kọ́ni. Albert Einstein sọ̀rọ̀ lórí ìmọ̀ físíìsì níbẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn.

Ọdún kejì ni àwọn òpìtàn ìmọ̀ fìlọ́sọ́fì kò lè gbàgbé. Ernst Cassirer láti Yunifásítì Hamburg, ọmọ Júù, àgbà ọ̀mọ̀wé tó mọ ìwà hù, jókòó dojú kọ Martin Heidegger láti Freiburg, tó kéré sí i lọ́jọ́ orí, tí òkìkí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kàn. Ọ̀rọ̀ nípa Kant ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́ ni kí ni èèyàn jẹ́. Cassirer gbà pé agbára èèyàn láti fi èdè, àṣà àti ìmọ̀ ṣe àmì fún ayé ni ó ń gbé e kọjá ìbẹ̀rù rẹ̀. Heidegger ní iṣẹ́ ìmọ̀ fìlọ́sọ́fì ni láti ti èèyàn padà sínú ìbẹ̀rù náà, kí ó lè mọ̀ pé ẹlẹ́ran ara tó ń lọ sí ikú ni òun. Ó ya ni lẹ́nu pé inú ìlú tí ikú ti ń gbé lórí bákónì ni wọ́n ti jiyàn yìí. Nígbà tí òtútù mú Cassirer tó dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, Heidegger gbé síkì rẹ̀, ó lọ ṣeré lórí òkè.

Àwọn ọ̀dọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ń wò wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn fẹ́ràn Heidegger. Ní alẹ́ ọjọ́ kan wọ́n fi àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n náà ṣe eré oníṣe, Emmanuel Levinas sì bu ìyẹ̀fun lé irun rẹ̀ kí ó lè jọ Cassirer arúgbó. Ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn èyí, ní 1933, Heidegger wọ ẹgbẹ́ Násì, ó sì di ọ̀gá Yunifásítì Freiburg. Cassirer sá kúrò ní Jámánì lọ́dún yẹn kan náà, kò sì padà síbẹ̀ mọ́. New York ló kú sí ní 1945. Einstein náà kò padà. Levinas lo ọdún ogun ní àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n, wọ́n sì pa àwọn ẹbí rẹ̀ ní Lithuania. Jean Cavaillès, ọmọ Faransé tí òun náà jókòó sáàárín àwọn olùgbọ́ ní Davos, bá àwọn Násì jà, wọ́n sì yìnbọn pa á ní 1944. Ètò ẹ̀kọ́ náà kò kọjá 1931.

A dúró pẹ́ níbí nítorí olùkọ́ ni wá. Ohun gbogbo tí a máa ń bẹ̀bẹ̀ fún nínú àpérò ló wà ní Davos lọ́dún 1929: èdè ju ẹyọ kan lọ, ọ̀mọ̀wé àgbà, ọ̀dọ́ tó ń fetí sílẹ̀, afẹ́fẹ́ tó mọ́. Kò dá ohun tó ń bọ̀ dúró. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tó jókòó gbọ́ ọ ni a ti rí Levinas, tó lo ìyókù ayé rẹ̀ láti fi kọ̀wé pé ojú ọmọnìkejì ẹni ni ìwà ọmọlúàbí ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí a ṣe ń wo iṣẹ́ olùkọ́ nìyẹn: ẹni tó sọ̀rọ̀ jù lọ lè má jẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ yóò so èso lára rẹ̀.

Ibi tí ó gba gbogbo èèyàn

Òkè tó gba àwọn aláìsàn láyè kò yan irú àlejò. Ní 1917, Wilhelm Gustloff, ọmọ Jámánì tí ẹ̀dọ̀fóró ń dà láàmú, wá sí Davos, ara rẹ̀ yá, ó sì ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tó ń wọn ojú ọjọ́. Nígbà tí ó di ọdún 1932, òun ni olórí ẹgbẹ́ Násì ní gbogbo Swítsàlandì, inú ilé rẹ̀ ní Davos ló sì ti ń darí wọn. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Èrèlé 1936, David Frankfurter, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tó jẹ́ ọmọ Júù, wọ ọkọ̀ ojú irin wá láti Bern, ó kan ilẹ̀kùn ilé náà, ó sì yìnbọn pa á. Ó fira rẹ̀ lé àwọn ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ilé ẹjọ́ ní Chur dá ẹ̀wọ̀n ọdún méjìdínlógún fún un. Wọ́n tú u sílẹ̀ ní 1945 nígbà tí ogun parí.

Láàárín gbogbo èyí ni Ernst Ludwig Kirchner ń yàwòrán ní Frauenkirch, abúlé kan lẹ́bàá Davos. Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní ló ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ tó fi wá sórí òkè ní 1917. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́ ní Dresden, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń lọ wo iṣẹ́ ọnà gbígbẹ́ láti Áfíríkà àti àwọn erékùṣù Òkun Pàsífíìkì ní mùsíọ́ọ̀mù, a sì lè rí ipa rẹ̀ nínú àga àti ibùsùn tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ní Davos. Ó ya àwọn darandaran, màlúù wọn, òkè tó pọ́n bí iná nígbà tí oòrùn ń wọ̀. Ní 1937, ìjọba Násì kó iṣẹ́ rẹ̀ tó lé ní 600 kúrò ní àwọn mùsíọ́ọ̀mù Jámánì, wọ́n ní iṣẹ́ ìdíbàjẹ́ ni. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló fọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀. Davos ni ibojì rẹ̀ wà. Mùsíọ́ọ̀mù tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ṣí ní 1992 ní ojú títì ńlá ìlú náà, a sì lè wo inú rẹ̀ ní odindi ọ̀sán láìmọ̀ pé síkì wà láyé.

Lẹ́yìn tí oògùn dé

Ní 1943, ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣàwárí oògùn streptomycin. Láàárín ọdún díẹ̀, ikọ́ ife di ohun tí a ń fi abẹ́rẹ́ wò. Ayọ̀ ni fún gbogbo ayé. Fún Davos, òun ni òpin òwò tó ti bọ́ ìlú fún ọgọ́rin ọdún. Ó yẹ kí ìlú náà kú. Àwọn ilé ìtọ́jú di hòtẹ́ẹ̀lì lọ́kọ̀ọ̀kan, Schatzalp náà pẹ̀lú. Bákónì tí àwọn aláìsàn ń sùn sí wá di ibi tí àlejò ti ń mu kọfí. Síkì gbé ìlú náà dúró nígbà yẹn, a kò lè sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́. Ilé tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí lórí ikọ́ ife tẹ́lẹ̀ di ibùdó ìwádìí lórí egungun tó kán ní 1959, níbi tí wọ́n ti ń ṣàyẹ̀wò irin àti èèkàn tí àwọn dókítà kárí ayé fi ń to egungun. Ẹni tó bá ti rí bí àwọn oníséré síkì ṣe ń ṣubú yóò mọ̀ pé ibi tó yẹ ni wọ́n gbé e sí. Ní 1971, Klaus Schwab, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Geneva, pe àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ Yúróòpù jọ sí gbọ̀ngàn ìpàdé Davos. Èyí ló di ìpàdé oṣù Ṣẹẹrẹ tí a mọ̀ lónìí. Ní 1992, Nelson Mandela àti F. W. de Klerk jọ dúró lórí pèpéle rẹ̀. Ọ̀rọ̀ lórí ìpàdé náà ti pọ̀ níta, a kò ní fi kún un.

Ohun tí ìròyìn kì í sọ ni iṣẹ́ àwọn tó wà níbẹ̀ ní oṣù mọ́kànlá tó kù. Láti 1936 ni àwọn onímọ̀ ti ń ṣèwádìí lórí òjò dídì ní Weissfluhjoch, lókè ìlú, kí wọ́n lè mọ ìgbà tí yóò ya lulẹ̀ láti orí òkè bo èèyàn mọ́lẹ̀. Àkọsílẹ̀ wọn fi hàn pé ọjọ́ tí òjò dídì ń wà nílẹ̀ lórí àwọn òkè Swítsàlandì ti ń dín kù, ọ̀rọ̀ tó kan àwọn onísíkì gbọ̀ngbọ̀n.

Ilé iṣẹ́ tó ń wọn oòrùn ṣáájú wọn. Carl Dorno, ọmọ Jámánì, ló dá a sílẹ̀ ní 1907. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ní ikọ́ ife tó fi wá sí Davos, ó sì fẹ́ mọ ohun tó wà nínú oòrùn òkè náà gan-an tí àwọn dókítà ń yìn. Láti 1971 ni Àjọ Ojú Ọjọ́ Àgbáyé ti yàn án gẹ́gẹ́ bí ibi tí òdiwọ̀n agbára oòrùn fún gbogbo ayé wà. Ní ọdún márùn-ún márùn-ún, àwọn onímọ̀ láti ilẹ̀ gbogbo, Áfíríkà pẹ̀lú, a máa gbé ohun èlò tí wọ́n fi ń wọn oòrùn wá síbẹ̀ kí wọ́n lè fi í wé ti Davos. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n ń lò. Wọ́n á to àwọn ohun èlò náà sílẹ̀ níta, wọ́n á kọjú gbogbo wọn sí oòrùn. Bí ìkùukùu bá sì bo ojú ọ̀run, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe ju kí ó jókòó, kí ó máa dúró dè é.